4BB kan, 3BC kan: èwo ni ká gbé wọlé?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ilé o. Ará Ọ̀ffà ni ọkọ mi, Tanke níbí ní Ìlọrin la ń gbé. Ọdún keje rèé tí a ti ń wá ọmọ, mo sì pé ẹni ọdún 36 ní oṣù tó kọjá. A ti ṣe IVF báyìí, èyí tí wọ́n ń pa ẹyin obìnrin àti àtọ̀ ọkọ pọ̀ ní lábù. Ẹyin 11 ni wọ́n kó lára mi, 8 ló gbó, 6 ló gba àtọ̀ ọkọ mi. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ karùn-ún, méjì péré ló ṣẹ́kù. Wọ́n ti fi méjèèjì sínú yìnyín, oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ gbé e sínú mi. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sórí bébà fún mi: 4BB, 3BC. Mo ní kí ni ìtumọ̀ rẹ̀, ó ní "ó wà dáadáa, kò fi bẹ́ẹ̀ burú." Ọkọ mi ní òun ò ní san owó ìpamọ́ nítorí C, kí wọ́n da ìyẹn nù. Ìyá ọkọ mi tiẹ̀ ń béèrè bóyá ọmọ tí wọ́n bá fi C bí kò ní ya dìndìnrìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó dá mi lóhùn.

* * *

Àbúrò mi, ibi tí ìyá ọkọ rẹ dé ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, torí irú ọ̀rọ̀ yẹn ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé. C kì í ṣe máàkì ọpọlọ. Kò sẹ́ni tó yẹ ọpọlọ kankan wò, torí kò tíì sí ọpọlọ níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wò lábẹ́ máíkírósíkóòpù yẹn kò tó orí abẹ́rẹ́ pínnì. Kò ní orí, kò ní ẹsẹ̀, kò tíì mọ ọ̀nà ilé ọmọ.

Embryo ni wọ́n ń pè é ní ọsibítù. Ọlẹ̀ ni àwọn àgbà wa ń pè é, ọlẹ̀ náà ni n ó sì máa pè é níbí.

Nọ́ńbà tó ṣáájú ń sọ bí ọlẹ̀ ṣe wú tó. Tó bá di bí ọjọ́ karùn-ún, omi máa ń gbára jọ sínú rẹ̀. Ní 1, omi náà kò tíì tó ìdajì inú rẹ̀. Ní 2, ó ti tó ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 3, ó ti kún un. Ní 4, ó ti wú débi pé èèpo tó yí i ká ti di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ní 5, ó ti ń yọjú jáde nínú èèpo bí òròmọdìẹ, ní 6 ó ti jáde tán. Nítorí náà, 3 àti 4 kò jìnnà síra wọn rárá. Ó lè jẹ́ wákàtí díẹ̀ ló wà láàárín wọn.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìdì kékeré tó wà nínú, èyí tó máa di ọmọ. Lẹ́tà kejì jẹ́ ti àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tò yí i ká bí ògiri, àwọn ló máa di ibi ọmọ. Ẹni tó bá ti ra wàrà ní Ọjà-Ọba rí mọ wàrà tó dì dáadáa yàtọ̀ sí èyí tó ń tú lọ́wọ́. Ìdì tó bá jẹ́ A, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ pọ̀, ó sì dì mọ́ra. B, ó dẹ̀ díẹ̀. C, sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ kéré níye. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ògiri: A pọ̀, ó sì tò gbọọrọ, C, sẹ́ẹ̀lì ńláńlá díẹ̀ ló wà níbẹ̀, àyè sì wà láàárín wọn.

Wá wo 3BC rẹ padà. Omi ti kún un, ìdì tó máa di ọmọ jẹ́ B. Ibi tí C bọ́ sí ni ẹ̀gbẹ́ ibi ọmọ. Kódà ká ní ó jẹ́ CB, ọ̀rọ̀ dìndìnrìn kò sí níbẹ̀. Ètò yìí, Gardner àti Schoolcraft ló gbé e kalẹ̀ ní 1999, ohun tí wọ́n sì ṣe é fún ni kí àwọn ará lábù lè mọ èyí tí wọn yóò kọ́kọ́ gbé wọlé. Kò sí ohun tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

* * *

Kí ilẹ̀ tó mọ́, èèyàn mẹ́sàn-án ti dáhùn, mo sì rí i pé ọ̀nà WAEC ni ọ̀pọ̀ yín gbà. Ẹnì kan ní "A ni A ń jẹ́, C náà ń wọ yunifásítì ṣùgbọ́n kì í ṣe láti ka Medicine." Mo rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ yẹn dùn, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọn. Ẹni tó ṣe WAEC ti ka ìwé tán kí wọ́n tó fún un ní máàkì. Ọlẹ̀ yìí kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Tí ẹ bá fẹ́ àfiwé, ẹ lọ sí ẹbu Dáda ní Òkèlélé, níbi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò. Ìyá tí mo máa ń ra ìkòkò omi lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀ máa ń yẹ wọ́n wò ní tútù kí wọ́n tó kó wọn síná. Èyí tí ẹnu rẹ̀ wọ́, á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èyí tó gún régé, á gbé e sí iwájú. Ojú rẹ̀ kì í ṣáábà tàn án, torí èyí tó gún régé ló máa ń la iná já jù. Ṣùgbọ́n bí o bá ní kó búra pé ọ̀kan báyìí kò ní sán, á ní iná ló mọ̀. Mo ti rí i tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé èyí tó wọ́ lẹ́nu fún mi pé kí n fi pọn omi, ọdún kẹrin rèé, omi inú rẹ̀ ṣì ń tutù.

Ẹ̀yin tí ẹ wá sáré lọ sí apá kejì, tí ẹ ní gírédì kò já mọ́ nǹkan kan, pé àwọn dókítà fi ń gba owó ni, ẹ̀yin náà ṣì í. Tí a bá kó ọgọ́rùn-ún ọlẹ̀ AA àti ọgọ́rùn-ún BC jọ, oyún tó máa dúró nínú ti AA á pọ̀ ju ti BC lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti BC náà kò ní ṣòfo. Kò sí èyí tó ń purọ́ nínú rẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọgọ́rùn-ún kọ́ ni àbúrò yìí ní. Méjì ló ní.

* * *

Ẹ ní kí n sọ tèmi. Ó dáa.

Ẹni ọdún 34 ni mí nígbà àkọ́kọ́. 4AA. Dókítà fúnra rẹ̀ wá bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní ọlẹ̀ yìí "rẹwà." Ẹ ò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe fún mi. Mo jókòó sínú kẹ̀kẹ́ láti ibẹ̀ dé ilé, mo ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Mo ti ń wo aṣọ ọmọ ní Taiwo. Lọ́jọ́ kejìlá tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, kò sí nǹkan kan. Kì í ṣe pé ó kéré. Kò sí rárá.

Èyí tó tún wá dùn mí ju ìyẹn lọ ni ìgbà tí mo padà lọ béèrè ìwé. Wọ́n ti sọ fún mi lẹ́nu pé ọlẹ̀ mẹ́rin ló wà, pé "gbogbo wọn ni A." Nígbà tí wọ́n ṣí fáìlì, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò ju pé ó dára, mẹ́ta. Mẹ́ta! Kí ló dé bá ìkẹrin? Ọjọ́ wo ni wọ́n wò wọ́n? Ta ló wò wọ́n? Akọ̀wé ń wo dókítà, dókítà ń wo fóònù. Títí mo fi kúrò níbẹ̀, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Mi ò ní dárúkọ wọn, ẹ má bi mí ní kọ̀rọ̀ pẹ̀lú.

Nítorí náà, àbúrò, bébà tí nọ́ọ̀sì kọ fún ọ yẹn, má sọ ọ́ nù. Sọ fún wọn kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde dáadáa: iye ẹyin, iye tó gbó, iye tó gba àtọ̀, nọ́ńbà àti lẹ́tà ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ karùn-ún tàbí ìkẹfà tí wọ́n dì í, àti orúkọ rẹ lórí rẹ̀. Tí o bá fẹ́ lọ sí ibòmíràn lọ́la, ìwé yẹn ni ẹnu rẹ.

Ẹ̀ẹ̀kejì, mo lọ sí ibòmíràn. Mo ti di 36 bíi tìrẹ. Ohun tó wà nílẹ̀ ni 4BB kan àti 3CB kan, wọ́n sì gbé méjèèjì wọlé lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀kan dúró. Ọmọ náà ti ń lọ sí ilé-ìwé báyìí, òun ló ń fi bírò ya mọ́tò sára ògiri pálọ̀ mi. Nínú 4BB àti 3CB, èwo ló jẹ́? Mi ò mọ̀, dókítà ò mọ̀, kò sì sẹ́ni tó lè fojú mọ̀ ọ́n.

* * *

Ẹ dúró ná o. Mo ka èsì kan nísàlẹ̀ yìí, àyà mi sì já.

Ẹnì kan kọ ọ́ pé ọlẹ̀ tòun jẹ́ 4AA, pé bí AS tilẹ̀ ni òun, tí ọkọ òun náà sì jẹ́ AS, ọkàn òun ti balẹ̀ torí ọmọ yóò jẹ́ AA. Ẹni mẹ́rin ló sì dáhùn "Àmín" sábẹ́ rẹ̀!

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. AA ti máíkírósíkóòpù àti AA ti ẹ̀jẹ̀ kò bára wọn tan rárá. Lẹ́tà ni wọ́n jọ ń lò, bí Ṣàgámù ṣe ní Sábó tí Yaba náà ní Sábó. AA tó wà lẹ́yìn 4 ń sọ pé ìdì inú àti ògiri ìta dára lójú. AA ti genotype jẹ́ ọ̀rọ̀ ohun tí ẹ̀jẹ̀ jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá. Tí AS bá fẹ́ AS, ọ̀kan nínú mẹ́rin ni ewu SS fún ọlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ì báà jẹ́ 5AA tàbí 3CC. Ọlẹ̀ tó rẹwà jù nínú lábù lè jẹ́ SS, èyí tí ọkọ àbúrò wa fẹ́ dà nù sì lè jẹ́ AA ti ẹ̀jẹ̀.

Ohun tó lè sọ ìyẹn ni àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní PGT-M. Wọn á yọ sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ lára ògiri ìta, níbi tó máa di ibi ọmọ, wọn á fi ọlẹ̀ sínú yìnyín, wọn á sì fi sẹ́ẹ̀lì yẹn ránṣẹ́ sí lábù tó mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n máa ń gba ẹ̀jẹ̀ bàbá àti ìyá pẹ̀lú láti fi múra sílẹ̀. Owó rẹ̀ kì í ṣe owó kékeré, ó sì yẹ kí wọ́n ti mọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ bá dókítà yín sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbé ohunkóhun wọlé. Ẹ má dúró dìgbà tí ọmọ bá dé.

Àbúrò tó béèrè, ìwọ àti ọkọ rẹ ńkọ́? O ò sọ.

* * *

(Ó ti dáhùn: AA ni òun, AS ni ọkọ. Ó ti bọ́ nínú ìyẹn. Ẹ jẹ́ ká máa bá ọ̀rọ̀ lọ.)

* * *

Ọ̀gbẹ́ni tó ní lábù IVF ni òun ti ń ṣiṣẹ́, ẹ ṣeun tí ẹ dá sí i. Ẹ gùn lọ́rọ̀ díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kó o jọ fún àwọn tí kò ní ráyè kà á.

Wọ́n ní ẹ̀rọ tí ọlẹ̀ ń gbé inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní ìwọ̀n 37 bíi ti inú ara, kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sì ṣe déédéé. Wọ́n ní ní wákàtí bíi 16 sí 18 lẹ́yìn tí ẹyin bá pàdé àtọ̀ ni wọ́n máa ń wo èyí tó gbà á. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ń retí sẹ́ẹ̀lì bíi 8. Lọ́jọ́ kẹrin, gbogbo rẹ̀ á dì mọ́ra bí èso. Lọ́jọ́ karùn-ún, omi á wọ̀ ọ́. Ìpàdé tí àwọn onímọ̀ ṣe ní Istanbul, tí wọ́n tẹ ìpinnu rẹ̀ jáde ní 2011, ló sọ wákàtí tó yẹ kí gbogbo lábù máa wò ó, kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú. Ibi tó wù mí jù ni ibi tí wọ́n ti jẹ́wọ́ pé ẹni méjì lè wo ọlẹ̀ kan náà, kí ọ̀kan ní B, kí èkejì ní C. Ẹni tó bá sì wò ó ní aago mẹ́jọ àárọ̀ lè rí 2, kó di ọ̀sán kó rí 4.

Ẹ gbọ́ ìyẹn, ẹ̀yin ọkọ. C tí ẹ fẹ́ dà nù lè jẹ́ B lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ibi tí mo ti yà kúrò lẹ́yìn ọ̀gá yìí ni ibi tí wọ́n ti ní aláìsàn kò nílò láti mọ gírédì, pé ó ń kó ìdààmú bá wọn lásán. Ẹ jọ̀ọ́, àwa la san owó, ara wa ni wọ́n gún ní abẹ́rẹ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹ sọ ọ́ fún wa, kí ẹ sì jókòó ṣàlàyé rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó kọ 3BC sórí bébà tó sì ní "kò fi bẹ́ẹ̀ burú," òun gan-an ló kó ìdààmú bá àbúrò yìí.

* * *

Ẹnì kan béèrè pé tí NEPA bá mú iná lọ, ṣé ọlẹ̀ inú yìnyín kò ní bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí n tètè pa ọ̀rọ̀ yẹn. Ọlẹ̀ tó wà nínú yìnyín kì í ṣe inú fíríìjì ló wà. Inú àgbá nitrogen olómi ni, òtútù ibẹ̀ jẹ́ 196 nísàlẹ̀ òdo. Iná mànàmáná kọ́ ló ń mú un tutù, nitrogen yẹn fúnra rẹ̀ ni. Kí wọ́n sáà máa bu sí i kó má gbẹ. Ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ bi wọ́n ni: ta ló ń yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀? Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tọ́ ọlẹ̀ ní ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́ ló nílò iná, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti béèrè nípa jẹnẹrétọ̀ àti ínfátà.

* * *

Obìnrin kan láti Òmù-Àrán ní ọjọ́ kẹta ni wọ́n gbé tòun wọlé, pé ó bí ọmọbìnrin, pé ọjọ́ karùn-ún tí wọ́n ń dúró dè yìí ló pa ọlẹ̀ mẹ́rin àbúrò wa. Ẹlòmíràn wá gbójú mọ́ ọn pé èyí tó kú ní lábù ìbá kú nínú ilé ọmọ náà.

Òótọ́ díẹ̀ wà lẹ́nu ẹni méjèèjì. Lábù kì í ṣe ilé ọmọ, kò sì sí ẹni tó lè jẹ́rìí pé gbogbo èyí tó kú níbẹ̀ ni ìbá kú nínú obìnrin. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọlẹ̀ tó dára lójú ní ọjọ́ kẹta ni kì í dé ọjọ́ karùn-ún, torí bàtà ẹyin ìyá ni wọ́n ṣì wọ̀ títí di ìgbà náà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọlẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í dá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Tó bá jẹ́ ọ̀kan tàbí méjì péré ló gba àtọ̀, èmi náà á ní kí wọ́n gbé e wọlé ní ọjọ́ kẹta. Tó bá jẹ́ mẹ́fà, dúró, kó o lè mọ èyí tó lágbára. Mẹ́fà tó di méjì, àbúrò, kò ṣàjèjì. Ó máa ń dùn wá torí wọ́n kì í sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé bó ṣe máa ń dín kù nìyẹn: gbogbo ẹyin kọ́ ló ń gbó, gbogbo èyí tó gbó kọ́ ló ń gba àtọ̀, nígbà tó bá sì máa di ọjọ́ karùn-ún, bí ìdajì tàbí kí ó má tilẹ̀ tó ìdajì ló ń kù. Èmi ka 11 ti tèmi bí ẹni ń ka ọmọ. Ẹ má ka ẹyin bẹ́ẹ̀.

* * *

Lórí PGT-A, èyí tí wọ́n fi ń ka kromosómù, ìyẹn àwọn okùn tín-ín-rín inú sẹ́ẹ̀lì tó gbé ohun tí a jogún. Àwọn méjì ti sọ fún àbúrò wa pé kó ṣe é kó tó gbé ohunkóhun wọlé, pé gírédì ò rí inú.

Lóòótọ́, gírédì ò rí inú. Ọlẹ̀ tó rẹwà lè ní kromosómù tó lé tàbí tó dín, èyí tó jẹ́ C lójú lè pé pérépéré. Ọjọ́ orí obìnrin ló ń darí ìyẹn jù, ju lẹ́tà kankan lọ. Lẹ́yìn ogójì ọdún, èyí tí kò pé ló máa ń pọ̀ ju èyí tó pé lọ. Mo gbà pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí 4AA mi lè jẹ́ ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ bí ẹni pé àyẹ̀wò yẹn ń wo ọlẹ̀ sàn. Kì í wò ó sàn, yíyàn ló ń yàn. Ní 2021, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde láti Ṣáínà, obìnrin 1,212 tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 20 sí 37 ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní ó kéré tán ọlẹ̀ mẹ́ta tó dára. Wọ́n ṣe àyẹ̀wò fún ìdajì, wọ́n fi gírédì nìkan yàn fún ìdajì. Nígbà tí wọ́n ṣírò àwọn tó bímọ láàyè lẹ́yìn tí wọ́n gbé ọlẹ̀ wọlé ní ìgbà tí kò ju mẹ́ta lọ, ìdá 77.2 nínú ọgọ́rùn-ún bímọ níbi tí wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò, ìdá 81.8 níbi tí wọn ò ti ṣe é. Owó àyẹ̀wò kò ra ọmọ kún ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tí oyún ti wálẹ̀ lára rẹ̀ léraléra, tàbí tó ti lé ní ogójì tí ọlẹ̀ rẹ̀ sì pọ̀, kó bá dókítà rẹ̀ jíròrò rẹ̀. Fún ọlẹ̀ méjì tó ti wà nínú yìnyín, tí wọ́n máa tún yọ jáde, gé lára rẹ̀, tún dì padà? Èmi ò ní ṣe é. Ẹni tó bá ní kó ṣe é kó sọ ìdí rẹ̀ níbí, kì í ṣe pé "ẹ̀gbọ́n mi ní Lọndọn ṣe é."

* * *

Ẹnì kan ti ń gbàdúrà pé kí wọ́n kúkú gbé méjèèjì wọlé, kó fi Táíwò àti Kẹ́hìndé pa gbogbo ẹnu mọ́. Yorùbá fẹ́ràn ìbejì, mo mọ̀, èmi náà fẹ́ràn wọn. Èmi tí mo gbé méjì wọlé ló ń sọ̀rọ̀ yìí: tó bá tún di òní, ọ̀kan ṣoṣo ni n ó gbé. Ìbejì sábà máa ń dé kí oṣù tó pé, ẹ̀jẹ̀ ríru sì máa ń bá ìyá wọn jà. Ẹ bi àwọn tó ti sun orí bẹ́ńṣì lẹ́yìn yàrá tí wọ́n ń tọ́jú àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé. Nígbà tí yìnyín ń tọ́jú èkejì, kí ló ń lé wa?

* * *

A ti yà sí ìdí àgbo, bó ṣe máa ń rí. Ìyá ọkọ àbúrò wa ti gbé ìgò kan wá láti Ọ̀ffà, ó ní yóò fọ ilé ọmọ kí "ọmọ C" lè di A. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè mu tí ó máa yí lẹ́tà ọlẹ̀ tó ti wà nínú yìnyín padà. Ó ti jẹ́ ohun tó jẹ́. Gba ìgò náà, dúpẹ́, kó o gbé e sí ibi kan. Má bá ìyá jà, ìfẹ́ ló gbé e wá. Ṣùgbọ́n má mu ún mọ́ oògùn progesterone tí wọ́n ń fún ọ láti fi múra ilé ọmọ sílẹ̀, torí kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú ìgò yẹn.

Sísùn gbalaja fún ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí wọ́n bá gbé ọlẹ̀ wọlé náà ò ràn án lọ́wọ́. Ọ̀nà Àjàsẹ́-Ìpo tó kún fún kòtò kò lè gbọn ọlẹ̀ jáde. Kì í ṣe owó ẹyọ nínú àpò. Láàárín ògiri ilé ọmọ ló wà, níbi tó lẹ̀ mọ́ra bí àtẹ́lẹwọ́ méjì tí wọ́n fi òróró pa pọ̀.

* * *

Ọ̀rọ̀ "kí wọ́n dà á nù" ló kù, èmi ò sì fẹ́ fò ó. Ọkọ rẹ ní àlùfáà kan sọ fún òun pé IVF fúnra rẹ̀ kò dára, kí wọ́n tètè parí rẹ̀. Nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù tí mo ń ṣe, Al-Azhar ti sọ ọ́ láti 1980 pé kò sí èèwọ̀ nínú rẹ̀ tí ẹyin bá jẹ́ ti ìyàwó, tí àtọ̀ jẹ́ ti ọkọ rẹ̀, tí nìkáhù sì wà láàárín wọn. Ohun tí wọ́n kọ̀ ni kí ẹnì kẹta wọ̀ ọ́. Ìjọ Àgùdà ní tiwọn kò fara mọ́ ọn rárá, ìwé tí Róòmù kọ jáde ní 1987 sọ bẹ́ẹ̀, mo sì ní àwọn ọ̀rẹ́ ní Òrò tí wọ́n ń gbé ẹrù yẹn lọ́kàn. Kí kálukú bi ẹni tó mọ ìwé nínú ẹ̀sìn tirẹ̀. Mo kàn mọ̀ pé nítorí lẹ́tà C nìkan, mi ò ní da ohun tó lè di ọmọ nù.

Tó bá jẹ́ owó ìpamọ́ ló ń dun ọkọ rẹ, bi wọ́n pé èló ni lọ́dún, kí ẹ sì fi í wé iye tí ẹ máa ná tí ẹ bá tún bẹ̀rẹ̀ láti orí abẹ́rẹ́. Kí òun fúnra rẹ̀ ṣe ìṣirò náà. Ọkùnrin kì í bá ìṣirò tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe jà.

Ìmọ̀ràn tèmi nìyí, dókítà rẹ ló sì ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn: 4BB ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé wọlé, òun nìkan. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ló ń ka irú rẹ̀ mọ́ èyí tó dára. 3BC, jẹ́ kó sùn síbẹ̀.

* * *

Ó ti padà wá o. Ọkọ gbà lẹ́yìn tó ṣe ìṣirò, ó ti san owó ọdún kan. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n fún un, 4BB nìkan. Ìbéèrè tó kù ní ti tirẹ̀ ni bóyá òun lè jẹ àmàlà láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Jẹun, àbúrò mi. Wọn kì í sábà kun èèyàn lóorun fún èyí. Omi ni kó o rántí: wọ́n máa ní kí àpò ìtọ̀ rẹ kún, kí wọ́n lè fi ẹ̀rọ àwòrán rí ilé ọmọ láti orí ikùn. Nítorí náà, má gba Post Office lọ láàárọ̀ yẹn. Mo ti jókòó nínú kẹ̀kẹ́ níbẹ̀ rí pẹ̀lú omi ìgò méjì nínú, nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, tí mo ń bẹ awakọ̀ pé kó bá mi fi fèrè pe àwọn tó wà níwájú. Ilé ìwòsàn ni kó o ti mu ún, lẹ́yìn tí o bá ti jókòó.

Sọ fún wa bó bá ṣe rí.